Ìwé Gbèsè Ilé Wa

Ìwé gbèsè bàbá wa, aláwọ pupa,
igun rẹ̀ ti jẹ dànù, epo fìtílà kán sí ojú ewé kẹsàn-án.
Mo ṣí i láàárọ̀ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ókèsà, ní Iléṣà,
láàárín fúláàsì àti agogo ara ògiri.
Tísà Ọmọ́lẹ́yẹ, Ìdànrè: aṣọ ọ̀pá mẹ́fà, ó ku ṣílè méjì.
Ìyá Dọpẹ́mú, Kàbà: ó ní ó di ìgbà tí kòkó bá gbẹ.
Alágbẹ̀dẹ ẹ̀bá odò: ó sá gba ẹ̀yìnkùlé.
Bàbá fi gègé fa ìlà sábẹ́ "sá" lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín.
Tó bá dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kì í bú, kì í lù,
á kàn lóṣòó.
Oòrùn á ràn án kọjá, ewúrẹ́ á wá gbóòórùn ṣòkòtò rẹ̀,
ọmọ onílé á máa sunkún pé kí ẹni yìí dìde.
Òṣó ni, títí owó á fi jáde lábẹ́ ẹní.
Orúkọ tí wọ́n fi ń pe Ìjẹ̀ṣà nìyẹn;
a ò bínú sí i, òun ló kọ́lé alájà fún wa.

Gbénró àbúrò mi ò mọ òṣó ló.
Bàlúù ló gùn, Họng Kọng ló sọ̀ sí,
ó fohùn ránṣẹ́ lóru:
"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò lóko o!
Wọn ò ní kòkó, wọn ò ní wúrà inú odò,
òkè àti omi ni gbogbo ẹ̀.
Ilé gíga kan wà níbí, owó ni wọ́n ń tà níbẹ̀,
owó náà ni wọ́n sì fi ń rà á.
Ilé-iṣẹ́ kan ń ta iná mànàmáná, ẹ gbọ́ mi, kì í lọ!
Ẹni tó ni èbúté ló ni ṣọ́ọ̀bù,
òun náà ló ni òrùlé tí mò ń sùn sábẹ́ ẹ̀;
bí mo bá na apá, mo ti fọwọ́ kan ògiri méjèèjì.
Láyé àtijọ́, òdòdó oníke àti bèbí ni wọ́n ń ṣe.
Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn sọdá ibodè.
Nǹkan kàn ń gba ọwọ́ wọn kọjá ni,
díẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́."

Bàbá gbọ́, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo:
"Ta ló ń bá wọn sin owó?"

Kọ̀ǹténà wa gúnlẹ̀ l'Ápápá.
Ìwé kan sọnù, tàbí wọ́n ní ó sọnù.
Dọ́là gun òkè, náírà jókòó sílẹ̀ ń wò ó.
Bí ẹrù ṣe ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ń jí.
Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ò bú wa,
wọn ò lu ẹnikẹ́ni.
Lẹ́tà ni, ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tutù minijọ,
iye owó ìsàlẹ̀ á sì tún fẹ̀ sí i.
Mo kà á sétí bàbá.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Àwọn èyí! Wọ́n lóṣòó láti òkè òkun,
orúnkún ò sì ro wọ́n."

A ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ká tó rí ẹrù gbà.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pupa, ojú ewé tó kẹ́yìn:
Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀, Họng Kọng. Wọ́n ti gba tiwọn.
Gbénró. Ilẹ̀ kan.

Famúrewá wọlé báyìí, ó gbé agogo kan,
ó gbé e sétí, ó ń gbọ́ ọ.
Ó ní ó di ìparí oṣù.
Mo kọ orúkọ rẹ̀.
Mo wo orúnkún ara mi.